Ẹ Bi Ìyá Léèrè: Hárúnà Ìṣọ̀lá Tí Mo Fojú Rí

Nínú èyí tó jáde kọjá, mo kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ni o, pé mo ta àwo orin ní Òkè-Ajé n'Íjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àti pé èmi àti bàbá náà jọ sọ̀rọ̀ rí. Ló bá di pé gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé, Hárúnà, Hárúnà. Ẹni tó béèrè nípa ọmọ tí kì í jẹun, àti ẹni tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi di oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ Baba Ngani Àgbà, bí wọ́n ṣe ń pe Hárúnà, la máa sọ lónìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi. Ṣágámù ni mò ń gbé, n ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bàbá mi máa ń sọ pé Hárúnà Ìṣọ̀lá á jókòó sójú kan láti alẹ́ mọ́jú, kò ní dìde jó, síbẹ̀ kò sí àlejò tó máa lọ sílé. Lójú tèmi, wọ́n ń bù mọ́ ọn ni. Báwo lèèyàn ṣe ń jókòó kọrin mọ́jú tí kò ní sú àwọn èèyàn? Kí lẹ rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i? (Ọmọ Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Bàbá rẹ ò bù mọ́ ọn, ọmọ mi. Ó ń jókòó. Àga ni wọ́n máa ń gbé fún un sáàárín, àwọn onílù àti àwọn elégbè á wá yí i ká bí ọmọ ìyá tó fẹ́ jẹun nínú abọ́ kan.

Ọdún tí owó náírà dé, 1973, ni mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń ṣe òkú ìyá ọkọ rẹ̀ ní Òkè-Ṣópẹ́n, n'Íjẹ̀bú-Igbó. Àwa ìyàwó ilé ti gba ọ̀nà Òrù lọ ṣáájú ọjọ́ ìnáwó, tàwa ti ìkòkò, torí ìyàwó ilé kì í lọ síbi ìnáwó lọ jókòó. Mo ti ń ta àwo rẹ̀ nígbà náà. Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀. Mo mọ ibi tó ti máa mí nínú àwo kọ̀ọ̀kan, mo tún mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ti máa ń fò. Ojú rẹ̀, àfi èyí tí wọ́n tẹ̀ sára páálí.

Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun alẹ́. Kò sí ìkánjú kankan lára wọn. Àwọn ọmọkùnrin ilé ti gbé ẹ̀rọ amúnáwá lọ sẹ́yìnkùlé kí ariwo rẹ̀ má bàa bo orin. Mo ń wò ó bóyá wọ́n á gbé gìtá jáde, bóyá fèrè, torí gbogbo ìnáwó àwọn olówó ìgbà yẹn ni jùjú ti ń wọ̀. Kò sí o. Àgídìgbo ni, àkúbà, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi. Ọkùnrin náà jókòó, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe lé èjìká, ó wo àwọn onílù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Àgídìgbo bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ nísàlẹ̀. Èmi tí mo wà nídìí iná, mo rò pé wọ́n ṣì ń gbá nǹkan wò ni. Àṣé orin ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í pariwo. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń fo sókè fo sílẹ̀ lórí ìtàgé, tí iṣan ọrùn wọn ń yọ, kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Ó ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí ni. Bó o bá jìnnà, wàá sún mọ́ ọn. Àwọn àgbààgbà tó jókòó lẹ́yìn pátápátá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wọn síwájú díẹ̀díẹ̀, nígbà tó máa fi di bí agogo mẹ́wàá, àárín agbo ti fún débi pé àwa tá a fẹ́ gbé ọtí kọjá ní láti gba ẹ̀yìn ilé.

Ohun tí bàbá rẹ ò tíì sọ fún ọ ni ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í lọ. Ọkùnrin kan wà tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ní àlejò tó fẹ́ kí wọ́n kì, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ló máa lọ, á sọ̀rọ̀ sí i létí: orúkọ, bàbá ẹni náà, ìyá rẹ̀, àdúgbò, iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkùnrin náà á wá tẹ̀ síwájú, á sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò ní tíì dá a lóhùn, orin tó ń kọ lọ́wọ́ ló máa ṣì máa bá lọ. Ìgbà tí ẹni náà bá ti fọkàn kúrò níbẹ̀, tó ti ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó pákó, ni orúkọ rẹ̀ máa jáde. Oníṣòwò gẹdú kan wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ tí kò rẹ́rìn-ín sẹ́nikẹ́ni. Wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, kò mira. Wọ́n dárúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kan orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú, tí wọ́n fi oríkì obìnrin náà pè é, ó ṣí fìlà. Ó dìde, ó lọ dúró níwájú àga olórin, ó ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò tíì rí ọkùnrin Ìjẹ̀bú tó sunkún tó tún ń náwó pa pọ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ta ló fẹ́ lọ sílé kí wọ́n tó dé orí orúkọ tirẹ̀? Àwọn tí wọ́n ti kì tán gan-an ò lọ, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa kì ọ̀tá wọn jù wọ́n lọ.

ÌBÉÈRÈ: Àlàájà, ẹ ní ẹ bá a sọ̀rọ̀. Kí lẹ jọ sọ? Ṣé ó ń gbéra ga ni? Ṣé ẹ ní fọ́tò tẹ́ ẹ jọ yà? (Ìyàwó Olùkọ́, Ìkẹ́nnẹ́)

ÌDÁHÙN: Kò sí fọ́tò. Èèyàn bí i mẹ́fà ló ti béèrè fọ́tò lọ́wọ́ mi. Ayàwòrán tí wọ́n pè ti gba owó rẹ̀, ó ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwa tá a wà nídìí ìkòkò ò sì ní kámẹ́rà.

Ìlù ló mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí òru bá ti jìn, tí ìrì bá ń sẹ̀, awọ ìlù máa ń dẹ̀, kò ní lè ké dáadáa mọ́, wọ́n á ní láti yá a níná. Iná wo ló tún wà níbẹ̀ ju tiwa lọ? Àwọn ọmọ onílù ń gbé ìlù wá sí ìdí ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí i lójú iná, wọ́n ń fi kọ̀ǹgọ́ kàn án wò. Báyìí la ṣe dojúlùmọ̀. Mo ń fún wọn ní ẹran abẹ́ ọbẹ̀, ìyá ìdáná wa ń bú mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ìdáná ní kí n gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún olórin. Mo bá a lórí àga kan náà. Ó ti bọ́ agbádá, ó ku bùbá, ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kó ìlù sínú ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ti gbé oúnjẹ fún àwọn onílù. Mo ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ mi fún wọn ná. Mo gbé e lọ, mo padà wá. Ìgbà yẹn ló béèrè ọmọ ta ni mí. Mo sọ fún un, mo sì fi kún un, torí ẹnu mi ò lè gbà á mọ́ra, pé èmi náà ń ta àwo rẹ̀ ní Òkè-Ajé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ó máa súre fún mi, tàbí pé ó máa kọrin fún mi, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́jà ló bi mí: èwo làwọn èèyàn ń béèrè jù? Ṣé wọ́n máa ń gbọ́ ojú kejì àwo, àbí ojú kìíní nìkan? Mo sọ òótọ́ fún un pé èyí tí wọ́n bá ti dárúkọ ará ìlú wa ló ń yá jù, àti pé ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ máa ń ra bí i mẹ́wàá lọ́wọ́ kan, á pín in fún àwọn àna rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ẹ̀rín rẹ̀ kò gùn. Ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó bu omi bọ́jú, ọ̀rọ̀ tán.

Ṣé ó gbéra ga? Rárá, àmọ́ n ò ní purọ́ pé ó yá mọ́ni. Ẹni tó ti kọrin mọ́jú, ohùn rẹ̀ ni ọjà rẹ̀, kò lè máa ná an lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé. Ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyé mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n máa ń sọ n'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè wa níbí pé Hárúnà lóògùn lẹ́nu, pé ẹni tó bá fi orin bú, ẹni náà á kú. Ṣé òótọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan)

ÌDÁHÙN: Wọ́n sọ ọ́ lójú ayé rẹ̀, wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Òun náà mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́, kò sì dùn ún. Nínú orin rẹ̀, ó máa ń fi òwe àti ohùn bí ọfọ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bá a díje, ìyẹn wà nínú àwo, ẹ lè gbọ́ ọ fúnra yín. Àmọ́ n ò rí ẹni tó kú o. Ẹni tí àpò rẹ̀ gbẹ ni mo rí, ìyẹn pọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé oògùn ni wọ́n ń fi ọpẹ́ fún. Ọkùnrin kan há oríkì ìdílé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sórí, ó mọ ìran ẹni tó ti Ẹ̀pẹ́ wá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti Rẹ́mọ wá, wọ́n á sọ nǹkan sí i létí nínú ariwo ìlù, á tò ó bó ṣe yẹ, kò ní ṣi ẹ̀gbọ́n pè ní àbúrò. Ẹ wá sọ pé àdó ló ń bẹ lápò rẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ há oríkì ilé mẹ́wàá sórí ná.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wa ní ṣókí, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ ọ́n. Kí sì nìdí tí Òṣogbo fi ń jẹ́ ká gbọ́ pé tiwọn ni? (Bàbá Àgbẹ̀, Ìlíṣàn)

ÌDÁHÙN: Ní ṣókí, bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, 1919 ni wọ́n bí i, ó sì kú lọ́dún 1983. Ó kọ́kọ́ ṣe àwo lọ́dún 1948, orin Orímolúsì Adébóyè, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n àwo náà kò tà. Inú ìnáwó káàkiri ló ti wá ń jèrè orúkọ. Nígbà tí ọba wàjà, wọ́n tún orin náà ṣe lọ́dún 1955, ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Ẹ rí i, orúkọ èèyàn kan pàtó ló gbé e dìde, kì í ṣe orin ìfẹ́ tàbí orin ijó.

Òṣogbo jẹ́bi, Òṣogbo sì jàre. Ẹgbẹ́ Oroki Social Club tí ó kọ orin fún lọ́dún 1971, ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, ilé iṣẹ́ àwo Decca ló sì gbé àwo náà jáde. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ní ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Èmi ò ka ti gbogbo ayé, àmọ́ n'ísọ̀ mi, bí mo bá gbé e sórí ẹ̀rọ tí mo kọ gbohùngbohùn síta, ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ níwájú máa yà wá ra àwo. Àwọn ará Òṣogbo tó ń ṣòwò obì ní Ṣágámù máa ń wá rà á bí ẹni tó ń ra ìwé ilẹ̀ wọn.

Ohun tí n kì í fẹ́ kí ẹ gbàgbé ni pé ó gbọ́n sí owó rẹ̀. Lọ́dún 1969, òun àti I. K. Dairo, onijùjú, dá ilé iṣẹ́ àwo STAR Records sílẹ̀, tiwọn fúnra wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ olórin ń wò. Lẹ́yìn náà ó kọ́ ilé ìgbàsílẹ̀ orin sí Ìjẹ̀bú-Igbó, Phontriks ló ń jẹ́. Kò gbé e lọ sí Èkó. Lọ́dún 1981, Ààrẹ Shehu Shagari fún un ní oyè MON (Member of the Order of the Niger), oyè ìjọba àpapọ̀. Ó ti kọrin dé Ìlú Ọba àti àwọn ilẹ̀ òyìnbó mìíràn kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú àgídìgbo kan náà, lórí àga kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin nìkan ni gbogbo yín ń yìn. Ṣé kò sí obìnrin ni? (Abẹ̀bí, Ìpẹ́rù)

ÌDÁHÙN: O káre! Bàtílì Àlàkẹ́ wà, Ìjẹ̀bú-Igbó kan náà, ọ̀gá nínú wákà. Òun ló kọ́kọ́ mú wákà wọ inú àwo. Ọdún 2013 ló kú. Tẹ́lẹ̀, wákà jẹ́ orin obìnrin mùsùlùmí níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìgbà tí wọ́n bá ń pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé, ṣẹlí, irin pẹlẹbẹ tó ń dún ṣaworo, ni wọ́n fi ń lù ú. Sàláwà Àbẹ̀ní wá tẹ̀ lé e. Ọdún 1976, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ikú Ọ̀gágun Murtala. Ní 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí dé e ládé ọbabìnrin wákà. N ó kọ nípa Bàtílì lọ́tọ̀, torí ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan náà béèrè nípa Músílíù, ọmọ Hárúnà, bóyá àpàlà ni tiẹ̀ ṣì ń jẹ́. Àpàlà ni. Ó yára ju ti bàbá rẹ̀ lọ, kí ló kàn mí? Nígbà tí Ṣóyòyò jáde lọ́dún 2000, àwọn ọmọ tí kò mọ àgídìgbo ń jó o lójú títì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Màámi. Bàbá bàbá mi kú, ó fi àpótí àwo kan sílẹ̀ fún wa ní Òde-Rẹ́mọ. Òmíràn wúwo, ó dúdú, ó ti bu létí. Ìbátan wa kan sọ pé Hárúnà dárúkọ bàbá wa nínú ọ̀kan, kò sì mọ èwo. Àbúrò mi fẹ́ tà wọ́n fún ẹni tó ń rà wọ́n káàkiri. Kí ni ká ṣe? (Àkọ́bí ilé)

ÌDÁHÙN: Kí àbúrò rẹ jókòó ná.

Àwọn tó wúwo tó sì ń fọ́ bí àwo oúnjẹ, 78 ni wọ́n, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń yí. Ẹ má fi ọtí tàbí spirit nù wọ́n rárá o, ó máa ń yọ́ wọn ni. Aṣọ rírọ̀ àti omi díẹ̀, kí omi má kan bébà àárín, kí ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn oníke, ìyẹn 45 àti àwo ńlá 33, ẹ lè fi omi ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fọ̀ wọ́n. Ẹ to gbogbo wọn lóòró, kì í ṣe kí ẹ kó wọn lé ara wọn, kí oòrùn má sì dé ibẹ̀, torí oòrùn ọ̀sán kan péré máa ká àwo ike kò. Abẹ́rẹ́ irin tí wọ́n fi ń gbọ́ 78, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e lé ike. Ó máa họ ọ́ ni.

Ní ti orúkọ bàbá yín, ẹ má wá a lára páálí, páálí kì í sọ ẹni tó pọ̀. Ẹ wá ẹ̀rọ yá, kí ẹ gbé ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ojú méjèèjì àwo kọ̀ọ̀kan dé ìparí, nítorí orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn olówó ìlú máa ń wà níbi tí orin ti fẹ́ tán, níbi tí èèyàn ti máa ń gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ bá gbọ́ sínú ìwé, àdúgbò àti iṣẹ́ tí wọ́n bá pè mọ́ ọn. Oríkì ìyá bàbá yín ni kí ẹ tẹ́tí sí jù, torí òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ ṣi ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà mú. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àbúrò rẹ bá ṣì fẹ́ ta èyí tó kù, ẹ jọ pín owó ẹ̀.